Ebè Tí Òjò Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Kọ

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé wà lọ́wọ́ òjò. Mo sì gbà lọ́kàn mi pé òjò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó kàn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ti dàgbà tó ẹni tí à ń gbé níyàwó. Àfẹ́sọ́nà mi wà nísàlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, létí odò. Èmi wà lókè pẹ̀lú bàbá àti ìyá mi, ní abúlé àwa Ọ̀wọ́rọ̀ tó wà lórí òkè olókùúta lẹ́yìn ìlú náà. Bí mo bá dúró lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa, mo lè rí òrùlé páànù àwọn òyìnbó, mo lè rí èéfín ibi tí àwọn ọmọ ogun ti ń dáná, ṣùgbọ́n n kò lè sọ̀kalẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n ti ṣèlérí rẹ̀ fún ọkọ kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí àdúgbò ọkọ kí ọjọ́ tó pé. Ọjọ́ náà kò sì lè pé láìsí òjò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń rò pé mò ń parọ́ ni. Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, a kì í mú ọmọbìnrin lọ sílé ọkọ kí ọkọ tó wá kọ ebè iṣu fún bàbá ìyàwó. Kì í ṣe ebè kan tàbí méjì o. Oko kan gbáko ni, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò kọ tán ní ọjọ́ kan ṣoṣo, láti ìgbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ìyá ìyàwó á gún iyán. Bàbá ìyàwó á máa rìn nínú poro, á máa fi ẹsẹ̀ ti ebè kọ̀ọ̀kan wò bóyá yóò wó. Bí ebè bá dúró, wọ́n á di ẹrù ọmọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ orí òkè wa kì í ṣe ilẹ̀ tí ènìyàn ń bá ṣeré. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ́ kì í wọ̀ ọ́. Bí òjò kò bá rọ̀, kò sí ebè. Bí kò bá sí ebè, kò sí ìyàwó.

Àwọn kan ti ń fojú fo àṣà yìí nígbà náà, pàápàá àwọn tó ti sọ̀kalẹ̀ lọ gbé nítòsí ìlú. Bàbá mi kò sí lára wọn. Ó ní àbúrò obìnrin kan tí àwọn ẹlẹ́ṣin tó ń kó ènìyàn lẹ́rú gbé lọ nígbà ogun, kí òyìnbó tó dá ogun dúró. Wọ́n gbọ́ pé ó bímọ síbi tí wọ́n gbé e lọ, pé ó tilẹ̀ ń jẹun dáadáa. Kò sí ẹni tó kọ ebè kan lé e lórí. Bàbá mi kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà bá dé: "Obìnrin tí wọ́n mú lọ láìkọ ebè, ẹrú ni." Bó bá ti sọ ọ́ tán, kò sí ẹni tó tún lè bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi máa mọ́.

Àfẹ́sọ́nà mi jẹ́ ẹni gíga kan tí ẹ̀rín kì í pẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Abúlé wa ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n bàbá náà ti kú, ìyá rẹ̀ sì ń gbé ní Adánkọ́lọ́, àdúgbò kan létí odò ní Lọ́kọ́ja, níbi tó ti ń yan ẹja tà. Ó ti gba iṣẹ́ lébìrà lọ́dọ̀ àwọn tó ń la ọ̀nà rélùwéè ní Baró, lókè odò. Ọkọ̀ èéfín ni yóò gbé òun àti àwọn yòókù lọ. Àmọ́ ọdún yẹn, odò ti gbẹ débi pé ọkọ̀ ńlá náà jókòó sórí yanrìn létí ìlú bí adìyẹ tó ń sàba, àwọn lébìrà sì ń dúró de omi. Bí omi bá ti kún, wọ́n á wọ ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa padà.

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn: òjò gbọ́dọ̀ rọ̀ sórí òkè wa kí odò tó kún. Bàbá mi kò rí wàhálà kankan nínú rẹ̀. "Níbo ni odò ti ń rí omi?" ló máa ń bi wá. "Ṣebí lára òkè yìí ni òjò ti ń ṣàn lọ síbẹ̀. Òkè ni yóò kọ́kọ́ mu, kí odò tó mu." Ẹnikẹ́ni kò jà á níyàn. Àwa tá a wà lókè, ojú ọ̀run tiwa la fi ń díwọ̀n ayé. Lọ́dọọdún tí mo mọ̀, òjò wa máa ń rọ̀, poro oko wa á kún, àgbàrá á bọ́ sísàlẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan a ó rí i tí odò ń gbòòrò. Ta ni yóò rò pé ó lè rí bí òmíràn? Nígbà ogun, kò sí ará òkè tó ń lọ jókòó létí odò láti béèrè ibi tí omi ti ń bọ̀. Èmi pàápàá gba bàbá mi gbọ́, mo sì fi ọkàn balẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá.

Lẹ́yìn náà ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí ṣe mí bó ṣe ṣe mí.

Ọ̀sán ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Láti orí àpáta, mo máa ń rí i tó ń ṣú ní òdìkejì odò, lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ àwọn Ígálà. Yóò dúdú, yóò wá ní àwọ̀ búlúù lábẹ́, mànàmáná á máa kọ nínú rẹ̀. Ìyá mi á sáré kó àgbàdo tó sá síta wọlé, á to ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀ ilé. Ìjì á dé. Eruku á bo gbogbo abúlé, koríko orí ilé àwọn aládùúgbò á máa fò lọ, àrá á sán tí ewúrẹ́ á fi máa sá wọ yàrá. Mo máa ń nàró láàárín gbogbo rẹ̀, mo máa ń ṣíjú sókè, ọkàn mi á ti lọ sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin tí ń kọ ebè. Òjò náà á wá sún mọ́ wa, á rí òkè wa, á sì pín sí méjì. Apá kan á gba ojú odò lọ, apá kejì á gba ẹ̀yìn òkè. Mo máa ń rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, bó ṣe ń rọ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀kán omi mẹ́ta á kán sí mi lórí, oòrùn á sì padà yọ.

Lọ́jọ́ kan mo ṣa òkúta, mo jù ú sí òjò. Ìyá mi rí mi.

"Òjò kì í ṣe orogún rẹ," ló wí. "Kí lo fẹ́ kó ṣe bí òkúta náà bá bà á?"

"Kó rọ̀."

"Wàá lu ẹni tí o ń bẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi sí òjò, sí òkè, sí bàbá mi, sí ìyá mi pẹ̀lú àwọn ìkòkò òfìfo rẹ̀. Ilé wa gbóná bí ẹnu ààrò nígbà náà, àpáta á mu oòrùn títí di alẹ́, á sì máa tú u jáde sí wa lára. Omi ìsun ti ń gbẹ, a máa ń dúró tò fún ìgbà pípẹ́ kí igbá kan tó kún. Ó ń ṣe mí bí ẹni tí wọ́n ti mọ́ inú ìkòkò tí wọ́n dé lórí.

Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, àfẹ́sọ́nà mi máa ń gòkè wá kí bàbá mi. "Òkun o, Bàbá," á wí láti ẹnu ọ̀nà, bí a ṣe ń kíra wa lọ́dọ̀ wa, á sì dọ̀bálẹ̀. "Òkun," ni bàbá mi á dáhùn, wọ́n á jọ jókòó, wọ́n á sì máa wo ojú ọ̀run bí ẹni pé òjò ni àlejò tí wọ́n ń retí. Ohun tó kàn mí ni pé kí n kúnlẹ̀ gbé omi fún un. Bó bá ti ń dá igbá padà la máa ń rí àyè sọ gbólóhùn méjì.

"Sá kúrò nínú iṣẹ́ náà," mo sọ fún un lọ́jọ́ kan.

"Wọ́n ti kọ orúkọ mi sínú ìwé. Ẹni tó bá sá, ọlọ́pàá á wá a dé ilé ìyá rẹ̀." Ó mu omi díẹ̀, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ kò gbẹ ẹ́. "Òjò á rọ̀. Máa bá mi wò ó."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé òun náà kò lómìnira jù mí lọ.

Òjò kan wá tàn wá jẹ. Ó ṣú lọ́sàn-án bó ṣe máa ń ṣú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò pín. Ó rọ̀ sí wa lórí gan-an, omi sì ta sínú ìkòkò ìyá mi. Kò tó ìgbà tí iṣu fi ń jinná tó fi dá, àmọ́ àgbàlá wa ti pupa, òórùn ilẹ̀ tútù ti gba gbogbo ibi. Mo ń jó. Mi ò purọ́, mo ń jó nínú ẹrẹ̀. Bàbá mi ránṣẹ́ sísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Kí oòrùn tó yọ lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin méjìlá ti dúró lóko wa pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, àfẹ́sọ́nà mi ló ṣáájú wọn. Odó ti ń ró nílé wa. Èmi gbé omi lọ sí etí oko, mo sì dúró síbẹ̀, mo ní mò ń wá igbá kan. Àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣá ọkọ́ mọ́lẹ̀, ẹrẹ̀ tó dáa ló jáde. Ìkejì dún kàn-ín. Ìwọ̀n ìka kan ni òjò náà wọlẹ̀, ìyókù ṣì le bí ó ṣe le látẹ̀yìnwá. Wọ́n gbìyànjú, kí n má fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n. Ẹ̀rúkọ́ méjì ṣẹ́. Wọ́n wá ń fá ẹrẹ̀ orí ilẹ̀ jọ, wọ́n ń kó o lé òkúta lórí, títí ó fi jọ ebè. Bàbá mi wá wọ inú poro, ó fi ẹsẹ̀ ti àkọ́kọ́. Ó tú ká. Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù, inú rẹ̀ gbẹ bí eérú. Ó ti ìkejì, ó ti ìkẹta.

"Ebè kọ́ nìyí," ó wí. Kò pariwo. "Ẹ wá jẹun."

Àfẹ́sọ́nà mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú oko náà. "Bàbá, ẹ dákun. Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Ebè náà ṣì wà lọ́rùn mi, ọjọ́ tí mo bá dé ni n ó kọ ọ́. Omi lè kún nígbàkígbà, ọjọ́ tó bá kún la ó lọ."

"Omi wo ni yóò kún? Ṣé o rí òjò ni? Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ni ilẹ̀ yìí yóò rọ̀. Ìwọ á ti kọ ebè tán, odò á ṣì máa wá omi tí yóò gbé ọkọ̀ yẹn. Kí ló ń lé ọ?"

"Àwọn apẹja sọ pé omi lè ti ibòmíràn wá."

"Apẹja mọ ẹja," ni bàbá mi wí.

Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Títí di òní, ẹ̀rín yẹn ń dùn mí.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, òjò padà sí ìwà rẹ̀. Ó ń ṣú, ó ń pín, ó ń lọ. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. N kò jù ú lókúta mọ́, mo kàn ń wò ó. Láàárín odò, níwájú ìlú, yanrìn ńlá kan wà tí àwọn apẹja máa ń pa àgọ́ koríko sí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, tí kò sí ìkùukùu tó tó àtẹ́lẹwọ́, mo gun àpáta, mo wò ó, n kò rí àgọ́ kankan. Mo nu ojú mi. Yanrìn tó máa ń gùn bí ọ̀nà ọjà ti kúrú, ó ti tóóró, omi aláwọ̀ pupa sì ń gba ibi tí n kò rí omi rí láti oṣù mélòó kan.

Mo sáré wálé. Bàbá mi ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́.

"Bàbá, odò ń kún."

"Òjò rọ̀?"

"Rárá."

"Odò kì í kún lábẹ́ oòrùn."

"Ẹ wá wò ó. Ẹsẹ̀ yín kò jìnnà sí àpáta."

Ó ń gbẹ́ igi rẹ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo sọkún. Ìyá mi bá mi bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ní bí ọmọbìnrin bá ti ń wá ọkọ lójú méjèèjì, kò sí ohun tí ojú rẹ̀ kò lè rí. Ó gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ náà títí di ọ̀sán, ó gbẹ́ òmíràn títí di ìrọ̀lẹ́. Mo wà lórí àpáta ní gbogbo ìgbà náà, ṣùgbọ́n èjìká òkè bo ibi tí ọkọ̀ wà àti ojú omi tó lọ sí Baró mọ́ mi lójú. Mo rí ọ̀nà tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú láti ibẹ̀, kò sí ẹlẹ́ṣin níbẹ̀, kò sí ẹkùn. Mo lè rìn ín. Ṣùgbọ́n gbólóhùn bàbá mi yẹn dí ọ̀nà náà ju ẹkùn lọ, nítorí bí mo bá fẹsẹ̀ mi rìn lọ láìsí ebè, ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa àbúrò rẹ̀ ni yóò máa sọ nípa mi. Mo jókòó.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, bàbá mi wá fúnra rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Yanrìn náà kò ju ẹní kan lọ mọ́. Ó wo odò, ó wo ojú ọ̀run tí kò ní nǹkan kan nínú, ó tún wo odò. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tó fi mú ọ̀pá, ó sọ̀kalẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó padà gòkè. Ó jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà, ìyá mi gbé omi fún un, kò gbà á.

"Wọ́n ti lọ," ó wí. "Ní àná. Nígbà tí oòrùn wà ní àárín ọ̀run."

"Àná ni mo sọ fún yín," mo wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

N kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí bàbá mi rí, òun náà kò sì tíì dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo ń sọ ọ́ nítorí òtítọ́ ni. Bàbá mi wí pé ìyá àfẹ́sọ́nà mi sọ fún òun pé ọmọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọkọ̀ títí wọ́n fi fà á wọlé, tó ń wo òkè.

Ọjọ́ kejì òwúrọ̀, òjò rọ̀. Kò sí ìjì, kò sí àrá, ó kàn bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì ń rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo abúlé jáde sínú rẹ̀, àwọn ọmọdé ń pariwo. Èmi dojú kọ ògiri. Ká ní òkúta wà lọ́wọ́ mi ni, ǹ bá jù ú.

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kẹta, bàbá mi kò sí nílé, ọkọ́ rẹ̀ kò sí ní àjà. Ìyá mi ní kí n fi í sílẹ̀. N kò gbọ́. Mo bá a lóko, òun nìkan, nínú ẹrẹ̀, ó ti kọ poro kan àti ààbọ̀. Ọkùnrin tí ẹ̀yìn ń dùn. Ó ń kọ ebè tí àna rẹ̀ ì bá kọ fún un, ó ń kọ ọ́ fún ara rẹ̀, bó bá sì ti kọ ọ̀kan tán, á fi ẹsẹ̀ tì í wò. Mo dúró títí inú tó ń bí mi fi rẹ̀ mí. Mo padà sílé, mo mú ọkọ́ kejì.

"Obìnrin kì í kọ ebè," ó wí láìgbójú sókè.

"Ẹ jẹ́ kó wó, kí n tún un kọ."

Ọ̀kan wó. Méjì wó. Lẹ́yìn náà wọn kò wó mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta la fi kọ oko náà. Nígbà tí a parí, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sọ fún ìyá mi pé, "Di ẹrù ọmọ. Àna mi ti kọ ebè."

Ìyá mi wò ó, ó wò mí, ó sì lọ di ẹrù.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ọkọ tí ọkọ kò sí níbẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló lò kó tó dé, ó dé, kí ọkàn yín balẹ̀, ó gbẹ bí ẹja tí ìyá rẹ̀ ń yan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èmi àti ìyá mi dé Adánkọ́lọ́, ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìyá rẹ̀. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló dúró létí odò nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀, ó sì mọ̀ pé kò kọ ebè kankan. Ó dìde nídìí ààrò ẹja, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò yà fún wa.

"Òkun o," ìyá mi kí i. "A mú ìyàwó yín wá. Wọ́n ti kọ ebè."

"Wọ́n ti kọ ebè?" Èmi ló kọjú sí. "Ta ló kọ ọ́?"

Mo ti kúnlẹ̀. Mo di ọwọ́ mi méjèèjì pọ̀ sórí itan. "Ọmọ yín ni," mo wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ọwọ́ mi ọ̀tún, ó ṣí i. Awọ àtẹ́lẹwọ́ ti bó, ẹrẹ̀ oko wa ṣì wà lábẹ́ èékánná. Ó wò ó pẹ́. Ó ṣí òsì náà, ó wo ìyẹn. Ìyá mi ń wo ilẹ̀.

"Ẹ gbé omi wá," ó ké sí àwọn obìnrin inú ilé, "kí á fọ ẹsẹ̀ ìyàwó wa kó tó wọlé. Ọmọ mi ti kọ ebè rẹ̀." Ó ní kí wọ́n mú òrí wá pẹ̀lú. Ó sì di ọwọ́ mi mú títí omi fi dé.